Iwájú ti parí, ẹ̀yìn ló kù

Jọ̀ọ́, kí n tó bẹ̀rẹ̀, má fi bí mo ṣe ń kọ̀wé ṣe mí ní yẹ̀yẹ́. Mi ò pẹ́ nílé ìwé. Abẹ́rẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ ju bírò lọ, bí ọ̀rọ̀ bá sì ti gùn, mo máa ń sọ ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ nù. Bí o bá rí ibi tí ọ̀rọ̀ mi ti rún, bá mi nà án. Òórùn kan ló mú kí n fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀. Láìpẹ́ yìí mo kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan, mo sì gbọ́ òórùn áyọ́ọ̀nù eléèédú lórí àǹkárá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ́n omi sí, èéfín díẹ̀, gọ́ọ̀mù aṣọ tuntun díẹ̀, àti òróró ẹ̀rọ ìránṣọ tó máa ń rùn bíi kẹrosíìnì. Mo dúró. Ojú mi padà sí ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi láàárín ìgboro Ọ̀wọ̀, ní àsìkò tí wọ́n fẹ́ gbé ṣọ́ọ̀bù náà wọ inú fóònù, tí mo sì rò pé inú fóònù náà kò ní gba èmi.

Àlájà ni gbogbo wa ń pe ọ̀gá mi. Ìdílé oníṣẹ́ ọwọ́ ni ìdílé wọn, Mùsùlùmí láti ìran bàbá wọn. Bàbá wọn ló kọ́kọ́ ń rán jálàbíà àti fìlà nínú ilé yẹn. Yàrá iwájú ilé ni ṣọ́ọ̀bù náà wà, kọ́tìnì kan tó ti ṣá ló sì pín in sí méjì. Iwájú ni àwa ọmọṣẹ́ ń jókòó sí, ibẹ̀ náà ni àwọn oníbàárà ń gbà wọlé. Ẹ̀yìn kọ́tìnì ni tábìlì gígé aṣọ wà, Àlájà nìkan ló sì ń dúró nídìí rẹ̀. Bí a bá jókòó síwájú, a máa ń gbọ́ bí àlùmọ́gàjí wọn ṣe ń jẹ aṣọ lọ láìdúró, bí ẹni tó mọ ibi tó ń lọ. Gbogbo ọmọṣẹ́ ló mọ̀ pé ẹni tí kò tíì kọjá kọ́tìnì yẹn kò tíì di aránṣọ. O lè mọ bí wọ́n ṣe ń gba etí aṣọ, o lè mọ bí wọ́n ṣe ń to bọ́tìnì, o lè wa ẹ̀rọ bí ẹni wa ọkọ̀. Tí o kò bá tíì gé aṣọ, ọmọ tó ń bá aránṣọ ṣiṣẹ́ lásán ni ọ́.

Iṣẹ́ tèmi níbẹ̀ ni wíwọn àwọn oníbàárà. Kì í ṣe pé mo mọ̀ ọ́n ju àwọn yòókù lọ. Ojú ló ń tì mí púpọ̀, ẹnu mi kì í yá, Àlájà sì gbà pé ohun tí àwọn obìnrin ń fẹ́ nìyẹn lọ́dọ̀ ẹni tó bá fẹ́ fi téèpù yí ikùn wọn ká. "Ọwọ́ ọmọ yìí kò wúwo," ni wọ́n sọ, "kì í sì í ka nọ́ńbà ìdí onídìí sókè." Nítorí náà èmi ni mo máa ń dúró níwájú. Oníbàárà á wọlé, màá wọ̀n ọ́n, màá kọ nọ́ńbà rẹ̀ sórí bébà pélébé, màá fi píìnì gún un mọ́ aṣọ rẹ̀, màá sì nà án sí Àlájà láti ẹ̀gbẹ́ kọ́tìnì. Láti Uso ni ìyá mi ti mú mi wá. Ẹ̀gẹ́ ni ìyá mi ń gbìn. Ọjọ́ tí wọ́n fà mí lé Àlájà lọ́wọ́, wọ́n ki àǹkárá kan bọ inú báàgì mi, aláwọ̀ ewé tó ní òdòdó funfun. "Ọjọ́ tí o bá di aránṣọ ni kí o rán an," ni wọ́n wí. Ìsàlẹ̀ báàgì ni aṣọ náà wà láti ìgbà yẹn. Nígbà mìíràn mo máa ń fi ọwọ́ kàn án lásán, láìyọ ọ́.

Àlájà ní ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ nípa kọ̀ǹpútà ní Pólì. Ó fi díẹ̀ jù mí lọ, mo sì ń pè é ní Àǹtí. Nígbà tó kù díẹ̀ kí ó parí, àwọn olùkọ́ rẹ̀ ní kí ó ṣe iṣẹ́ kan tí òun fúnra rẹ̀ máa fi han àwọn, ó sì ní ṣọ́ọ̀bù ìyá òun lòun máa fi ṣe é. Ó fẹ́ ṣe ojú ewé kan sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí oníbàárà tó wà níbikíbi lè ṣí lórí fóònù rẹ̀, kí ó mú sitáì tó wù ú níbẹ̀, kí ó kọ ìwọ̀n ara rẹ̀ sí i, kí Àlájà sì rí i lórí fóònù tiwọn. Bí mo ṣe lè sọ ọ́ lónìí nìyẹn. Nígbà náà, kò sí ẹni tó là á sílẹ̀ fún mi báyìí. Ohun tí mo kàn rí ni pé Àǹtí gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká wá sórí bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́bàá fèrèsé, ó ń tẹ nǹkan, ó ń dá sọ̀rọ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó ń sọ ni mo mọ̀, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó wà ní ibi tí mo mọ̀ ọ́n sí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ó na ara, ó ní, "Màámi, iwájú ti parí. Ẹ̀yìn ló kù."

"Ẹ̀yìn kì í pẹ́," ni Àlájà dáhùn láti ẹ̀yìn kọ́tìnì. "Iwájú ló ní ọrùn."

"Tèmi yàtọ̀. Ẹ̀yìn gan-an ni wàhálà wà. Tí mo bá sì parí ẹ̀yìn, mo ṣì máa so ó mọ́ iwájú."

"Ṣáà so ó kí ó má fà."

Mo wo ọwọ́ Àǹtí. Kò sí aṣọ níbẹ̀. Mo wo abẹ́ bẹ́ǹṣì, bóyá aṣọ náà já sílẹ̀. Ọmọṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ọmọ Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀ kan tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, fi ìgúnpá gún mi. "Má wá a mọ́," ló sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Aṣọ àwọn tí a kò lè fojú rí ló ń rán." Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò dá mi lójú pé àwàdà ni.

Kò pẹ́ sí i, Àǹtí tún pariwo pé sitáì òun ti dàrú, pé òun nílò sitáì tó dáa. Èyí yé mi, tàbí kí n sọ pé mo rò pé ó yé mi. Mo dìde, mo yọ kàlẹ́ńdà sitáì tó tóbi jù lára ògiri, èyí tó ní oríṣiríṣi bùbá àti gáùn, mo gbé e lọ bá a. Ó wo kàlẹ́ńdà, ó wò mí, ó sì rẹ́rìn-ín títí híjáábù rẹ̀ fi yẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀rín ìkà. Ó fà mí jókòó, ó ní sitáì tòun ni àwọ̀ tí ojú ewé máa ní, bí lẹ́tà ṣe máa tóbi tó, ibi tí nǹkan kọ̀ọ̀kan máa dúró sí.

"Ṣùgbọ́n ó dáa bí o ṣe gbé kàlẹ́ńdà yìí wá," ló sọ. "Wò ó. Bí ìwọ bá dúró níwájú rẹ̀, bí Màámi bá dúró níwájú rẹ̀, ohun kan náà ló máa fi hàn yín. Kò tiẹ̀ mọ̀ pé ẹnikẹ́ni dúró. Irú ojú ewé bẹ́ẹ̀ wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Èyí tí mo ń ṣe yìí, ó máa mọ̀ pé ẹnìkan dé. Ó máa bi í ní ìbéèrè, èsì onítọ̀hún ló sì máa fi mọ ohun tó kàn tó yẹ kó fi hàn án. Tìrẹ ò ní jọ tèmi."

"Ta ló wà nínú rẹ̀ tó ń bi wọ́n?" ni mo béèrè.

"Kò sí ẹnì kankan."

"Ta ló wá ń gbọ́ èsì?"

"Ẹ̀yìn ni."

Mo padà sídìí áyọ́ọ̀nù, ọ̀rọ̀ náà sì ń yí lórí mi. Ojú ewé kan wà tó ń béèrè ọ̀rọ̀, kò sì sí ẹni nínú rẹ̀. Iwájú kan wà tó ń gba èsì, ẹ̀yìn kan wà tó ń pa á mọ́, tó ń ṣírò iye yáàdì, tó ń rán an sí Àlájà. Mo rò ó títí. Nígbà tó yá ni mo rí i pé ohun kan wà tí mo mọ̀ láyé tó rí bẹ́ẹ̀ gan-an: ẹni tó máa ń dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù wa, tó ń gba nọ́ńbà lára oníbàárà, tó ń nà án sí ẹ̀yìn kọ́tìnì. Èmi ni. Àyà mi já, mi ò sì tíì mọ ìdí rẹ̀.

Ìdí rẹ̀ jáde lẹ́nu Àǹtí ní ọjọ́ kejì. Ó ń fi nǹkan han ìyá rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, inú rẹ̀ ń dùn. "Màámi, bí èyí bá ti ń ṣiṣẹ́, a ò ní nílò ẹni tó ń wọn èèyàn mọ́."

"Ohun tí mo ti ń wá nìyẹn," ni Àlájà sọ. "Ó ti pẹ́ jù."

Áyọ́ọ̀nù wà lọ́wọ́ mi. Mo dúró bẹ́ẹ̀, mo ń wo ẹ̀yìn orí àwọn méjèèjì, òórùn aṣọ tó fẹ́ jóná ló jí mi. Àlájà yíjú padà. "Ìwọ ọmọ Uso, ṣé aṣọ lò ń lọ̀ ni àbí iṣu lò ń sun?" Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Mo yára gbé áyọ́ọ̀nù kúrò. Ọpẹ́lọpẹ́ pé etí aṣọ ni, ibi tí a máa ká sínú tí ẹnikẹ́ni kò ní rí. Mo ní kí wọ́n má bínú. Èmi nìkan ni mi ò rẹ́rìn-ín.

O lè bi mí pé kí ló dé tí mi ò béèrè lọ́wọ́ wọn. Ó rọrùn láti bi mí báyìí. Ẹni tí ojú máa ń tì mọ bó ṣe ń rí: o máa to ọ̀rọ̀ náà dáadáa sínú, ó máa dé ọ̀fun, ẹnìkan á sì sọ ọ̀rọ̀ mìíràn, tìrẹ á padà sílẹ̀. Mo kàn ń rò ó fúnra mi ni. Mo rí ara mi lórí ọ̀kadà tó ń padà sí Uso, báàgì lórí itan. Mo rí ìyá mi lórí àpótí níbi tí wọ́n ti ń bẹ ẹ̀gẹ́, wọ́n gbójú sókè, wọ́n ń wo ọwọ́ mi bóyá mo ti mọ aṣọ í gé. Kí ni mo fẹ́ sọ fún wọn? Pé fóònù gba iṣẹ́ mi kí n tó dé ibi àlùmọ́gàjí? Ohun tó tún rú mi lójú ni pé Àǹtí, tó dà bíi pé ó fẹ́ lé mi, òun ló ń ṣe dáadáa sí mi jù nínú ilé yẹn. Ó máa ń ra ẹ̀pà fún mi. Ó máa ń pè mí ní àbúrò òun. Mi ò mọ bí mo ṣe lè bínú sí i, mi ò sì mọ bí mo ṣe lè má bínú.

Láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn ó máa ń gbé fóònù fún mi kí n bá a dán an wò. "Tẹ bọ́tìnì," ló sọ nígbà àkọ́kọ́, mo sì wo àyà aṣọ mi wò, mò ń wá èyí tó tú. Ó fi ìka hàn mí lójú fóònù: nǹkan róbótó kan báyìí, aláwọ̀ búlúù. Mo tẹ̀ ẹ́. Nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. "Kò lè ṣiṣẹ́ ná," ló ní. "Kò tíì sí nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀. Ẹwà lásán ni." Ìyẹn nìkan ló yé mi nínú gbogbo iṣẹ́ náà láìsí àlàyé púpọ̀. A máa ń to irú bọ́tìnì bẹ́ẹ̀ sí apá gáùn, kò ní ojú tó ń wọ̀, kò di nǹkan kan mú. Mo fi ìka pa á, mo sì ń ronú pé bóyá bí èmi náà ṣe máa wà ní ṣọ́ọ̀bù yẹn láìpẹ́ nìyí.

Lẹ́yìn náà ni ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì wá. Nọ́ọ̀sì àgbà ni wọ́n, wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù, ará apá Ọ̀yọ́ ni wọ́n, wọ́n sì fẹ́ràn kí aṣọ bá wọn lára mu. Àǹtí sáré bá wọn lẹ́nu ọ̀nà, ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó máa bá òun lo ojú ewé náà, kí wọ́n fi fóònù wọn ṣí i, kí wọ́n sì máa dáhùn ohun tó bá béèrè. Nọ́ọ̀sì gbà. Wọ́n jókòó, wọ́n fi gíláàsì sójú. Wọ́n ń kà á sókè bí wọ́n ṣe ń rí i.

"Káàbọ̀. Kí ni orúkọ rẹ?" Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí i. "Dìde dúró. Gbé apá rẹ sókè. Wọn àyà rẹ, kí o kọ nọ́ńbà rẹ̀ síbí." Wọ́n yọ gíláàsì. "Ta ni nǹkan yìí ń bá wí?"

"Ẹ̀yin ni mà," ni Àǹtí dáhùn. "Ó ń bi yín ni."

"Ọmọ ọdún mélòó ni?"

"Ta ni mà?"

"Ẹ̀rọ yín. Ẹ bá mi sọ fún un pé ọmọ tí mo bí ti bímọ. 'Dìde dúró'! Èmi tí ọ̀gá dókítà ń sọ pé 'ẹ jọ̀ọ́ mà' fún!"

Ẹlẹgbẹ́ mi ti gbé aṣọ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Àlájà wúkọ́ lẹ́yìn kọ́tìnì, ikọ́ tí kì í ṣe ikọ́. Nọ́ọ̀sì ki fóònù bọ inú báàgì, wọ́n dìde, wọ́n na apá wọn méjèèjì, èmi ni wọ́n sì kọjú sí. "Ìwọ ọmọ, wá wọ̀n mí jàre." Mo mú téèpù. Mo sọ ohun tí mo máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá dúró níwájú mi, pẹ̀lú ohùn kékeré tí mo máa ń fi sọ ọ́: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ gbé apá yín sókè díẹ̀. Ẹ má fa ikùn sínú mà. Ẹ mí dáadáa." Nọ́ọ̀sì mí, wọ́n sì wo Àǹtí láti orí èjìká mi. "Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń bá èèyàn sọ̀rọ̀?" Inú mi dùn gidi gan-an. Bí mo ṣe wá gbójú sókè tí mo rí ojú Àǹtí, adùn náà kúrò. Ojú rẹ̀ rí bí ojú tèmi ṣe máa ń rí.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé ohun kan. Bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀ yìí, mo ti yí i sí Yorùbá tí gbogbo wa jọ gbọ́. Èdè Ọ̀wọ̀ ni Àlájà àti ọmọ rẹ̀ ń bá ara wọn sọ, ó sì jọ ti Uso wa. Nínú èdè tiwa nílé, a kì í fi bẹ́ẹ̀ to "ẹ" sílẹ̀ fún àgbà bí àwọn ará Ọ̀yọ́ ṣe ń tò ó. Ọmọ lè sọ "o" fún ìyá rẹ̀ kí ìyá náà má sì gbọ́ àrífín kankan níbẹ̀. Inú ohùn àti inú orúnkún ni ìtẹríba wà. Ìgbà tí mo dé ìgboro ni Àlájà jókòó tì mí tí wọ́n kọ́ mi pé àwọn oníbàárà wa wá láti ibi púpọ̀, ti Pólì, ti ọsibítù, kí n máa sọ "ẹ" fún gbogbo ẹni tó bá wọlé kí n tó mọ ẹni tó jẹ́. Ó pẹ́ kó tó mọ́ mi lẹ́nu. Mo máa ń dá a kọ́ bí mo bá ń gbálẹ̀.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì lọ tán, wọ́n mú iná lọ, Àǹtí sì wá jókòó tì mí lórí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà. Ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ lé itan. "Ṣé o mọ ohun tí mo ṣe?" ló wí. "Bí mo ṣe ń bá Màámi sọ̀rọ̀ nínú ilé ni mo ṣe kọ ọ́. Mi ò tiẹ̀ rò ó." Ó mí kanlẹ̀, ó tún rẹ́rìn-ín. "'Dìde dúró'! Bíi ṣójà." Lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi. "Àbúrò mi, báwo ni ìwọ ṣe máa ń sọ ọ́? Bí èèyàn bá dúró síwájú rẹ, kí lo kọ́kọ́ ń sọ?"

Mi ò lè rántí nǹkan kan. Ó rí i, ó dìde, ó na apá rẹ̀. "Ó dáa, wọ̀n mí." Mo yọ téèpù lọ́rùn mi, bó sì ṣe kan èjìká rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ń jáde, bí òwú ṣe ń tú lára bọ́bìnì. Ẹ káàbọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni orúkọ yín? Ẹ má bínú, ẹ yí ẹ̀yìn sí mi díẹ̀. Ẹ fi apá sílẹ̀ kí ó rọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fa ikùn sínú. Ẹ mí dáadáa. Bí mo bá sọ ọ̀kan, á bẹ̀rẹ̀, á tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, á tún nàró. Ẹlẹgbẹ́ mi ń wò wá láti ojú fèrèsé, ó ní a dà bí àwọn tó ń kírun. Nígbà tí a parí, Àǹtí yí kọ̀ǹpútà sí mi, mo sì rí ọ̀rọ̀ ẹnu mi lójú rẹ̀, dúdú lórí funfun, ó tò láti òkè dé ilẹ̀.

Mi ò lè sọ fún ọ bó ṣe rí lára mi, nítorí mi ò mọ̀ ọ́n títí di òní. Mo wò ó, mi ò mọ̀ bóyá wọ́n ti mú mi wọ inú nǹkan náà ni, àbí wọ́n ti gba gbogbo ohun tó wà lẹ́nu mi kí n lè máa lọ. Ọ̀rọ̀ mi ni. Ohùn mi kò sí níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni lè ṣí i láti Ìbàdàn, kí ó gbé apá sókè, kí ó mí dáadáa, kí ó má sì mọ̀ láéláé pé ọmọ kan ló kọ́kọ́ sọ ọ́ lórí àtẹ̀gùn. Bóyá ìrújú yẹn ló pọ̀ jù fún mi tí ẹnu mi fi ṣí.

"Àǹtí, bó bá ti gba ọ̀rọ̀ mi tán, níbo ni èmi máa wà?"

"Níbo bí ti báwo?"

"Ẹ sọ pé a ò ní nílò ẹni tó ń wọn èèyàn mọ́. Àlájà náà ní ohun tí àwọn ti ń wá nìyẹn."

Mo rí i tí ọ̀rọ̀ náà wọ inú rẹ̀ lọ. Ló bá kọjú sínú ilé, ló pariwo. "Màámi! Màámi, wá gbọ́ nǹkan!"

Àlájà jáde. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Àsárì tán, omi àlùwàlá ṣì wà ní ìgúnpá wọn. Àǹtí sọ ohun tí mo sọ fún wọn. Mo ń wo ilẹ̀. Mo rò pé wọ́n máa rẹ́rìn-ín bí wọ́n ṣe rẹ́rìn-ín ọjọ́ áyọ́ọ̀nù, ṣùgbọ́n wọn kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n jókòó sórí àtẹ̀gùn, lápá kejì mi.

"Èjìká ń dùn mí," ni wọ́n sọ. "Láti àárọ̀ ni mo ti ń gé aṣọ. Bí fóònù yìí bá bẹ̀rẹ̀ sí í kó iṣẹ́ wá, ta lo rò pé ó máa gé e? Bí mo bá ní kí o wá sẹ́yìn, oníbàárà kan á wọlé, á ní ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ kò wúwo ni kó wọn òun. Ojoojúmọ́. Mo ń wá bí o ṣe máa kúrò níwájú ni." Wọ́n gbá mi lórúnkún díẹ̀. "Ìwọ náà, iwájú rẹ ti parí. Ẹ̀yìn ló kù."

Wọ́n tún sọ ọ̀rọ̀ kan kí wọ́n tó dìde. Wọ́n ní Àǹtí máa ṣí ojú ewé náà fún gbogbo ayé kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹni àkọ́kọ́ tó bá sì ti inú rẹ̀ wá, ẹnikẹ́ni tí ì báà jẹ́, èmi ni mo máa gé aṣọ rẹ̀. Ẹlẹgbẹ́ mi gbé ọwọ́ méjèèjì sókè lójú fèrèsé. "Kí Ọlọ́run ṣàánú aṣọ ẹni náà."

Ó yẹ kí inú mi dùn, ó sì dùn, ṣùgbọ́n ẹ̀rù tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò lọ. Ó kàn yí ibi tó jókòó sí padà ni. Mo ti bẹ̀rù pé mi ò ní dé ibi àlùmọ́gàjí. Báyìí mo bẹ̀rù àlùmọ́gàjí. Aṣọ oníbàárà ni, mi ò mọ ẹni náà, mi ò ní rí ojú rẹ̀, bóyá aṣọ ìsìnkú ìyá rẹ̀ ni, tí mo bá gé ọrùn rẹ̀ jìn, kò sí bí mo ṣe máa dá a padà.

Mo ti rò ó lọ rò ó bọ̀ láti ìgbà náà, bí mo ti ń dúró nídìí tábìlì yẹn. Bí o bá ní kí n ṣàlàyé iṣẹ́ Àǹtí fún ọ lónìí, ibi púpọ̀ ṣì wà tí mi ò mọ̀. Mi ò mọ bí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe ń ronú láìsí ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo mú níbẹ̀ ni pé irú ojú ewé yẹn kì í mọ ohun tó máa jẹ́ títí ẹnìkan fi dé bá a, tó sì sọ orúkọ. Kì í tijú pé òun kò mọ̀. Á kí onítọ̀hún, á bi í léèrè, á dúró. Èmi tí mo rò pé ẹni tí kò bá mọ nǹkan gbọ́dọ̀ dákẹ́, mo rí i pé nǹkan kan wà tí wọ́n dìídì ṣe kí ó lè máa béèrè, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sì fi sí i lẹ́nu, tèmi ni.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo jí, mo gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, mo dá èédú sínú áyọ́ọ̀nù. Kò tíì sí ẹni tó jáde. Mo lọ sídìí báàgì mi, mo yọ àǹkárá ìyá mi, mo lọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà mo ṣí fóònù mi tí ojú rẹ̀ ti sán, mo sì wá ojú ewé náà. Mo rò ó pé bí mo bá máa ba aṣọ ẹni àkọ́kọ́ jẹ́, kí ó jẹ́ aṣọ ẹni tí kò ní bínú. "Ẹ káàbọ̀," ló sọ fún mi. "Ẹ jọ̀ọ́, kí ni orúkọ yín?" Mo wẹ̀yìn wò, nítorí kò sí ẹni tó tíì fi "yín" béèrè orúkọ lọ́wọ́ mi rí. Mo kọ ọ́. Mo ti wọn obìnrin púpọ̀, mi ò tíì wọn ara mi rí. Mo gbé apá sókè. Mo fi téèpù yí ikùn mi ká, ó sì ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fa ikùn sínú. Ẹ mí dáadáa," ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé mò ń fa ikùn sínú lóòótọ́. Mo mí. Mo kọ nọ́ńbà náà àti iye yáàdì àǹkárá mi. Ó ṣírò rẹ̀, ó ní aṣọ mi máa tó. Mo tẹ bọ́tìnì, nǹkan sì wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, nítorí mo gbọ́ tí fóònù Àlájà dún ní yàrá wọn. Mi ò dúró kí wọ́n jáde. Mo ṣí kọ́tìnì, mo kọjá, mo tẹ́ aṣọ ìyá mi sórí tábìlì, mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà ọrùn rẹ̀, mo sì gbé àlùmọ́gàjí.